Ọkùnrin Tí Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ Kò Pè Ní Ọkọ

"Bàbá, kí lẹ máa sọ lọ́la?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló béèrè. Aránṣọ ni, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù funfun tí bàbá rẹ̀ máa wọ̀ lọ síbi ìrántí ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé.

"Mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan kẹ̀? Gbogbo ọsibítù ló ń bọ̀ o! Àwọn tí Màmá tọ́jú, àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ níṣẹ́, wọ́n ti ń jà lórí ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ níyàwó wá fẹ́ jókòó síbẹ̀ bí àga?"

"Àga kì í parọ́," ni Káfíńtà fèsì. "Èmi ni mo ń kàn án, mo mọ̀."

Ọmọ náà gbójú sókè kúrò lára bọ́tìnì. Ó wo bàbá rẹ̀ títí, àmọ́ bàbá ti kọjú sí fèrèsé.

Kì í ṣe pé Káfíńtà kò nífẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pa. Ó nífẹ̀ẹ́ Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ débi pé bí obìnrin náà bá sín ní yàrá, òun á kí i láti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há a lọ́fun láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé, kò lọ sísàlẹ̀, kò jáde síta. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé pọ̀, obìnrin náà kò pè é ní "ọkọ mi" rí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kò pè é bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. "Káfíńtà" ló ń pè é, bí ìgbà téèyàn ń pe ẹni tó wá tún fèrèsé ṣe. Bẹ́ẹ̀, Káfíńtà ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ tó ń pe ọkùnrin mìíràn ní "ọkọ mi".

Lọ́la ni wọ́n wá ní kó dìde níwájú èrò, kó jẹ́rìí sí ìfẹ́ obìnrin tí kò mọ̀ bóyá tòun ni. Báwo lèèyàn ṣe ń jẹ́rìí sí ohun tí kò dá a lójú?

*

Orí òrùlé ló ti jábọ́ nígbà èwe rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi dá. Wọ́n so ẹsẹ̀ náà kọ́ sókè bí aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n tẹ́ òun fúnra rẹ̀ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Dírẹ́bà kan ló wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Dírẹ́bà yìí kò ní egbò, kò ní báńdéèjì. Inú ló ní ó ń dun òun. Aláwàdà ni. Bó bá la ẹnu báyìí, gbogbo wọ́ọ̀dù á máa di ìhà mú, ẹ̀rín náà á sì máa dun Káfíńtà lẹ́sẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì kan wọlé, tí bàtà rẹ̀ kò dún. Nítorí bàtà tí kì í dún yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́. Áà, ìfẹ́! Kò síbi tí kì í bá èèyàn dé. Ẹsẹ̀ Káfíńtà wà lókè, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kò rí abẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ náà ni ìfẹ́ ti ká a mọ́.

"Ìwọ ni káfíńtà tó bá òrùlé jà?" ni obìnrin náà bi í.

"Èmi ni. Òrùlé ló borí."

"Ó dáa. Káfíńtà, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ wà níbi tí mo gbé e sí o. Bó o bá tún sún un, màá kàn án mọ́ bẹ́ẹ̀dì."

Inú Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn bọ̀ ni obìnrin náà yíjú sí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ohùn rẹ̀ sì yí pa dà, tó rọ̀ bí òwú.

"Ọkọ mi, ṣé o rí oorun sùn?"

"Nígbà tí mo ti rí ẹ," ni Dírẹ́bà dáhùn, "kí ni mo tún ń wá oorun ṣe?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà nìkan ni kò rín. Ọkọ ta ni? Lóòótọ́, ó mọ̀ pé obìnrin lè pe ọmọ ọwọ́ ní ọkọ, ó lè pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, ẹnu lásán ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹnu lásán ni, kí ló dé tí kò fi ẹnu lásán náà ta òun lọ́rẹ? Káfíńtà ni òun. Tíṣà ni bàbá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mẹkáníìkì ni ẹni tó wà ní òdìkejì. Dírẹ́bà nìkan ni ọkọ! Dírẹ́bà nìkan ni ó ń jókòó tì, tó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Káfíńtà lọ gé símẹ́ńtì tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, nígbà tó pa dà dé, bẹ́ẹ̀dì Dírẹ́bà ti ṣófo, wọ́n ti ká fóòmù rẹ̀ kúrò. Ó bi obìnrin tó ń nu ilẹ̀.

"Dírẹ́bà ńkọ́?"

"Ó ti relé."

"Ó relé? Kò tiẹ̀ dágbére fún mi!"

Obìnrin náà dúró, ó fara ti igi ìnulẹ̀ rẹ̀, ó wò ó. "Wọn kì í sábà dágbére," ló wí, ó sì ń nu ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Inú Káfíńtà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju igi tó fi ń tilẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti sunkún. "Àárò rẹ̀ ló ń sọ ọ́," ni Káfíńtà wí nínú ara rẹ̀, ayọ̀ náà sì kan lẹ́nu rẹ̀ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n.

*

Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ló fi fẹ́ ẹ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, ó pa dà wá tòun ti irinṣẹ́, ó ní ilẹ̀kùn náà ń han èèyàn létí nígbà tóun wà níbẹ̀, òun fẹ́ fi àtúnṣe rẹ̀ dúpẹ́. Ó tún un ṣe. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ó tún wá. Ó tún han.

"Káfíńtà," ni Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ wí, ó káwọ́ gbera, "irú ilẹ̀kùn wo lèyí, tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló ń bàjẹ́?"

"Ilẹ̀kùn náà lójú ni."

"Ojú ilẹ̀kùn ni, àbí ojú rẹ?"

Síístà Àgbà, tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní wọ́ọ̀dù yẹn, ló ká a mọ́ ibi tó ti ń tú ìṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ilẹ̀kùn lo fẹ́ fi ṣaya ni, àbí èèyàn?"

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, tòun ti òòlù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún un."

"Èmi? Kí n máa gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kiri bí ẹni ń pín oògùn?" Àmọ́ ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Dìde, màá bá ọ sọ ọ́. Ṣáà jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà sinmi."

Ó ti ń lọ kí Káfíńtà tó rí ẹnu béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Dírẹ́bà yẹn, mà... ṣé ọkàn Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Síístà Àgbà bí ẹni pa àtùpà. "Ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù mi. Má bi mí mọ́."

Káfíńtà gbà pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn náà. Síbẹ̀ kò lè pa dà sẹ́yìn.

Ilé wá gbóná. Bàbá Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́, tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ní, "Mo fi gbogbo okun mi rán ọmọ níwèé kó lè wá máa gbá ìyẹ̀fun igi?" Màmá Káfíńtà ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ rárá. "Nọ́ọ̀sì! Ìwọ ọmọ yìí, nọ́ọ̀sì! Ìhòòhò ọkùnrin ti sú u kó tó dé ilé rẹ. Kí ló kù tó o fẹ́ fi hàn án?"

Síístà Àgbà lọ, ó bọ̀, títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ fi jẹ. Níkẹyìn Káfíńtà kan àga kan fún bàbá ọmọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ síbi tí ẹ̀yìn bàbá náà ti ń dùn ún gan-an. Bàbá jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ó máa mú un lọ kí n tó yí ọkàn pa dà."

*

Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Màmá Káfíńtà wá wẹ ọmọ, ó gbé e sórí itan, ó ń jó o sókè sódò.

"Ọkọ mi! Ọkọ mi àtàtà! Arẹwà ọkọ mi!"

Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́, tí ara rẹ̀ kò tíì yá, fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó já ọmọ gbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é ní ohunkóhun tó bá wù yín. Ẹ má ṣáà pè é ní ọkọ yín."

Màmá kò bá a jà. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Ọmọ ọmọ mi ni mo pè ní ọkọ, ó gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo jí i gbé. Ìwọ, gbọ́ mi o. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá a jẹ ẹ́ ni."

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo ti fi ọ́ sílẹ̀. Etí rẹ ni kò ní fi ọ́ sílẹ̀."

Etí rẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fura sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn rí, ẹ mọ irú ayé yẹn. Ojú Káfíńtà ń rí ire: ó ń rí obìnrin tó ń tibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, tí kì í jókòó kó tó wo ahọ́n àwọn ọmọ, kó tó fọwọ́ kan ọrùn wọn. Ó ń rí i tó ń gbé ọmọ tí ibà mú sáyà, tó ń sun oorun ìjókòó. Òórùn ọṣẹ ọsibítù ni àwọn ọmọ fi ń mọ̀ pé ìyá àwọn ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì sáré. Ojú ń rí ire, etí ń gbọ́ ibi, àárín méjèèjì ni ọkàn Káfíńtà ń gbé.

Ó ṣàkíyèsí pé obìnrin náà a máa yà síbì kan kó tó wálé nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ kan ó tẹ̀ lé e. Ó rí i tó wọ òpópónà tóóró kan, tó ṣí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé láì kàn án, bí ẹni tó mọ ilé. Lórí okùn iwájú ilé, ẹ̀wù ọkùnrin ni wọ́n sá síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ló wí fún obìnrin tó ń lọ aṣọ lódìkejì. "Ilé ta nìyẹn?"

"Ilé Dírẹ́bà ni."

Kò béèrè ìkejì. Ẹni tó ń wá ohun tó ń bẹ̀rù kiri, ìdáhùn kan ti tó o.

Ó tún lọ sí wọ́ọ̀dù bí ẹni tó wá wo ilẹ̀kùn. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ohùn ìyàwó rẹ̀ ti ń bọ̀, ohùn tó rọ̀ bí òwú yẹn: "Ọkọ mi, mo wà níbí. Mi ò lọ síbì kankan." Ẹsẹ̀ Káfíńtà tó ti san bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ó dúró dè é ní ilé ìdáná. Obìnrin náà ń fọ abọ́.

"Ta ni ọkọ rẹ?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lẹ́ẹ̀kan péré. Sọ pé, 'ọkọ mi'."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ sínú omi. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó gbé májèlé mu.

"Káfíńtà, béèrè ohun mìíràn. Ohun yòówù kó jẹ́, màá ṣe é. Ìyẹn nìkan ni mi ò ní ṣe láéláé."

"Nítorí kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù ni. Bó bá dé ẹnu Màmá, ó dé ìgboro nìyẹn, àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á sì gbọ́. Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Jọ̀ọ́." Omijé ń dà lójú rẹ̀ sínú omi abọ́.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, "láéláé" nìkan ni Káfíńtà gbọ́. Ó ká ẹní rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù. Àárín ìyẹ̀fun igi ló ń sùn títí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣì kéré nígbà náà, fi wá dúró níwájú rẹ̀ tó bi í pé, "Bàbá, ṣé àga lẹ máa fi ṣe ìyàwó báyìí?" Ẹ̀rín pa á, ó tẹ̀ lé ọmọ wálé. Wọn kò sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó kàn wà níbẹ̀, bí ẹ̀gún igi tó wọ àtẹ́lẹwọ́ tí awọ ara bò mọ́lẹ̀. Èèyàn a lè fi ọwọ́ náà ṣiṣẹ́. Àmọ́ kò ní lè di òòlù mú kó má rántí.

*

Nígbà tí Màmá dàgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyàwó tó ní kí ọmọ òun má fẹ́ ló ń bọ́ ọ, tó ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan Káfíńtà wọlé, ó bá Màmá tó ń dán bí ọmọge.

"O ò gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ pè mí? Ó ní, 'Ìyàwó mi, ẹ la ẹnu.' Èmi! Ìyàwó òun! Hẹ̀n, mo ti ṣi ọmọ yẹn mọ̀ o. Ọmọ gidi ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí Màmá fi lọ. Káfíńtà dúpẹ́ pé wọ́n rẹ́ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń kùn: Màmá pàápàá ti rí orúkọ gbà. Èmi ṣì ni Káfíńtà.

Ọdún gorí ọdún. Ó wá kan Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ láti dùbúlẹ̀ ní ọsibítù tó ti sìn. Káfíńtà jókòó tì í, ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì kékeré kan wọlé, bàtà rẹ̀ kò dún. Ó tún ìrọ̀rí ṣe, ó tẹ̀ ba, ó sì rọra sọ pé, "Ìyàwó mi, mo wà níbí."

Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ lajú. Ó wo ọmọbìnrin náà títí, ó wá mi orí sí i, bí tíṣà ṣe ń mi orí sí akẹ́kọ̀ọ́ tó dáhùn ìbéèrè dáadáa. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Káfíńtà, ẹ̀rín díẹ̀ wà létè rẹ̀.

"Káfíńtà, o gbọ́ ohun tó pè mí?"

"Mo gbọ́. Ẹnu rẹ̀ dùn."

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

Káfíńtà rí àyè. "Ìwọ náà pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ̀ ọ́."

Obìnrin náà fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ fún un lọ́wọ́. "Rárá o. Ìwọ ṣì máa pẹ́, Káfíńtà."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

*

Gbọ̀ngàn ọsibítù kún lọ́jọ́ ìrántí náà. Àwọn tí kò rí àga jókòó sí fèrèsé. Káfíńtà wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, bọ́tìnì tuntun fún un lọ́rùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Síístà Àgbà ló wọlé, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí.

"Ọmọ rẹ ní o ò ní sọ̀rọ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà." Ohun tó ti há a lọ́fun láti ìgbà èwe wá já. "Ẹ̀yin lẹ ṣe alárinà wa, ẹ̀yin lẹ máa dá mi lóhùn lónìí. Ta ni ọkọ rẹ̀? Ṣé Dírẹ́bà ni?"

"Dírẹ́bà wo?"

"Èyí tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì! Tó ń pè ní ọkọ mi! Tó relé lọ́jọ́ tí wọ́n gé símẹ́ńtì ẹsẹ̀ mi! Mo mọ ilé rẹ̀, mà. Mo rí ẹ̀wù rẹ̀ lórí okùn!"

Síístà Àgbà rọra jókòó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀.

"Káfíńtà," ló wí, "ilé wo lo rò pé ó re?"

Káfíńtà nawọ́ síta, bí ẹni tó fẹ́ júwe ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn.

"Ó kú, ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn ló kú. Ìyá arúgbó rẹ̀ ló wà nínú ilé tó o rí. Egbò ẹsẹ̀ ìyá náà ni ìyàwó rẹ ń lọ fọ̀, nítorí ó ti ṣèlérí fún Dírẹ́bà. Ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ sì ni arúgbó náà ń wọ̀ títí òun náà fi lọ. O rí ẹ̀wù, o ò ráyè wo ẹni tó wà nínú ẹ̀."

"Kí ló wá dé tó fi ń pè é..."

"Ṣé ẹnu rẹ lè pa á mọ́?"

"Ó lè pa á mọ́, mà."

"Èmi ni mo kọ́ wọn. Bá a bá ti rí i pé aláìsàn kan kò ní dìde mọ́, a ó pè é ní ọkọ mi. Bó bá jẹ́ obìnrin, ìyàwó mi. Kí ẹnikẹ́ni má bàa kú láìjẹ́ ti ẹnì kan. Nọ́ọ̀sì mìíràn tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé kí wọ́n má fi onítọ̀hún sílẹ̀ lóun nìkan. Àṣírí wa ni. Bí àwọn aláìsàn bá mọ̀ ọ́n, ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní kú kí ọjọ́ tó pé?" Síístà Àgbà nu ojú. "Ìyàwó rẹ pe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, ó pa ojú wọn dé. Ọ̀rọ̀ náà wá di ẹ̀rù lẹ́nu rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ ṣègbéyàwó ló wá bá mi. Ó ní, 'Síístà, gbogbo ẹni tí mo pè bẹ́ẹ̀ ló lọ. Tèmi yìí, mi ò ní pè é.'"

Káfíńtà di ògiri mú. Ó rí ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ já gbà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó rí Màmá tó ń dán, tí kò mọ̀. Ó wá rí nọ́ọ̀sì kékeré tó tẹ̀ ba lórí ìrọ̀rí. *O gbọ́ ohun tó pè mí?* Ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀. Ìdágbére ló ń ṣe fún òun, òun sì dá a lóhùn pé ẹnu ọmọ náà dùn.

Wọ́n ń pè é níta. Nígbà tó jáde, ọmọ rẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó fẹ́ dìde, bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ dá a dúró.

"Káfíńtà ni mí," ló wí fún èrò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ. Mo bínú sí i nítorí orúkọ yẹn. Mo fura sí i. Mo ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní ìyàwó tó fẹ́ràn rẹ̀ tó bí tèmi ṣe fẹ́ràn mi, nítorí pé..."

Ó dúró. Ní ìlà iwájú, àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń wò ó, ọ̀kan ti fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn wọn, àwọn aláìsàn tí wọ́n gbé wá lórí kẹ̀kẹ́ ń gbọ́.

"Ìyókù, ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù ni," ló wí, ó sì jókòó.

Nígbà tí èrò ń tú, obìnrin kan ní àdúgbò wọn dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. "Ọkọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọkọ mi, Ọlọ́run á tù yín nínú."

Káfíńtà fò sẹ́yìn bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré dì í mú. "Bàbá, kí ló dé?"

Ó ti ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ kan náà.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí fún obìnrin náà. "Ṣùgbọ́n Káfíńtà lorúkọ mi. Wọ́n ní mo ṣì máa pẹ́."